Ó Ku Mọ́kàndínlógójì

Láàárín ọdún márùn-ún, òfin ní
ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀rin ọjọ́ ó lé ọgbọ̀n
ni kí ẹsẹ̀ mi fi wà nílẹ̀ Kánádà.
Mo kà á nínú bàálù, mo fi ìka kà á,
mo tún kọ ọ́ sẹ́yìn àpò ẹ̀pà:
ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀rin dín mẹ́sàn-án.
Ó ku mọ́kàndínlógójì.

Aṣọ́bodè Wínípẹ́ẹ̀gì ń ṣí ìwé ìrìnnà mi
bí ẹni ń ṣa òkúta nínú ìrẹsì.
"Arábìnrin Dimakulángan, níbo lẹ lọ?"

Ìlóílò. Ẹ̀gbẹ́ ibùsùn ìyá mi.
Apá ọ̀tún rẹ̀ ti rọ, tòsì ń wá mi kiri.
Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni mo dá,
àìsàn ò mọ kàlẹ́ńdà.
Ìyá ò tètè lọ,
n kò sì gbàdúrà pé kó yá,
àfi lálẹ́ ọjọ́ kan.
Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má kọ ìyẹn sílẹ̀.

Ilé làbọ̀ ìsinmi oko:
èwo nilé níbẹ̀, èwo loko?
Ìsagánì ọkọ mi ń san owó gáàsì lóṣooṣù,
bàtà yìnyín mi ṣì wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn
lójú títì Sájẹ́ǹtì, ó kọjú síta.
Wọn kì í ka bàtà.

Ó ní kí n jókòó de òun.
Mo jókòó. Ẹ̀rọ kọfí ń kùn.
Aago ara ògiri lu méjìlá òru,
ẹ̀rín bọ́ lẹ́nu mi, ojú tì mí:
ọjọ́ tuntun ti bá mi lórí àga yìí.
Ó ku méjìdínlógójì.