Eré, Ère, Èrè

Lẹ́yìn ibùdó ọkọ̀ ojú irin ní Košice
ni Vlasta ti gba ilé búrẹ́dì àtijọ́ kan,
ilé tí ìyẹ̀fun ṣì ń bọ́ láti òkè àjà
bí a bá fi agbára ti ilẹ̀kùn.
Ó ní òun fẹ́ kó eré pamọ́ síbẹ̀.

Ọkùnrin ìjọba ìlú wo irun orí rẹ̀ tó funfun.
Ó ní, "Ère ni wọ́n ń kó sí ilé ìṣẹ̀ǹbáyé, ìyá,
ère òkúta, ère idẹ,
kì í ṣe eré ọmọdé.
Èrè wo ló sì wà níbẹ̀?"
Vlasta ò fèsì. Ó kàn fa kọ́kọ́rọ́ mọ́ra lórí tábìlì.

Kí ni wọn ò gbé wá fún wa!
Àpò ọ̀dùnkún tó kún fún kásẹ́ẹ̀tì,
bírò ni wọ́n fi kọ orúkọ eré sí wọn lára;
ẹnìkan kọ ọ́ sí tiẹ̀ pé: "Ẹ má pa á rẹ́ o,
ohùn bàbá wa wà lódì kejì."
Nígbà náà, eré a máa ké kí wọ́n tó bí i:
a ó ti kásẹ́ẹ̀tì bọ ẹ̀rọ lẹ́nu,
yóò máa han gooro bí ọmọ ẹlẹ́dẹ̀ tí wọ́n dì lẹ́sẹ̀,
ìṣẹ́jú márùn-ún gbáko, kí ẹnikẹ́ni má rìn, kí ẹnikẹ́ni má sín.
Bí ìgúnpá bá kọlu tábìlì, ó di àtúnbẹ̀rẹ̀.
Ibẹ̀ la ti kọ́ sùúrù, àwa tí wọ́n ń pè ní ọ̀lẹ.

Èmi Imrich, tí mo ti tún rédíò ṣe títí mo fi fẹ̀yìn tì,
ọ̀sẹ̀ kan ni mo ní mo fẹ́ fi ràn án lọ́wọ́.
Ó ti di ọdún mẹ́ta.

Ní oṣù kejì ni àpótí gàgàrà kan dé
láti abà kan nítòsí Prešov. Adìẹ ti yé sínú rẹ̀.
Ó ti bá àwọn tó ń gbé eré kiri rìn rí, láti ìlú dé ìlú.
Mo so iná mọ́ ọn, kò dáhùn.
Mo gbá a létí
(ìwé kankan ò kọ́ mi ní ìyẹn).
Ojú rẹ̀ là.
Orúkọ àwọn tó ta yọ tò sójú dígí,
lẹ́tà mẹ́ta mẹ́ta. Ẹni àkọ́kọ́: RDK.

Tíì Vlasta tutù kó tó sọ̀rọ̀.
Radko, àbúrò rẹ̀. Ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún.
Yìnyín odò Hornád ló là lábẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀.
"Owó búrẹ́dì ló fi ta á," ó ní.
"Ìyá wa nà án lálẹ́ ọjọ́ náà."

Bátìrì tí kò ju bọ́tìnì ẹ̀wù lọ ló ń rántí wọn,
ó sì ti ń sun omi àwọ̀ ewé.
Bí a bá yọ ọ́, ìrántí lọ.
Bí a bá fi í sílẹ̀, yóò jẹ wáyà tán.
Timea, ọmọ ilé ìwé tó ń bá wa gbálẹ̀, ní:
"Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀, kí ẹ sì tún un tẹ̀."
Vlasta ní, "Ìka tèmi nìyẹn. Kì í ṣe ìka tirẹ̀."

Mo jó tuntun mọ́ ẹ̀gbẹ́ ògbólógbòó kí n tó gé e,
bí a ṣe ń gbé ọmọ tó sùn láti èjìká sí èjìká.
Ọwọ́ mi gbọ̀n, mi ò ní purọ́.
Ẹni kẹta di àmì tí kò nítumọ̀. Ẹni keje pòórá.
RDK dúró.

Lọ́jọ́ tí a ṣílẹ̀kùn, ọmọkùnrin kan dì í mú,
ó ń ta, ó ń ta, ó ti ń súnmọ́ ọn,
gbogbo wa dákẹ́. Mo na ọwọ́ sí ibi iná.
Vlasta di ọwọ́ mi mú. "Eré ni, Imrich."

Ó ku igba àmì péré kó tó bá a.
Ọmọ náà gbá àpótí létí.
Ìyẹ̀fun díẹ̀ bọ́ sí i léjìká.
Vlasta wá inú àpò rẹ̀, ó fi owó ẹyọ kan sí i lọ́wọ́.
"Owó búrẹ́dì," ó ní. "Tún un ta."