Ọmọ Ọlọ nínú Jọ́ọ̀gì

Òjò Swansea kì í dá, ó kàn máa ń sinmi ni.
Ní ìrọ̀lẹ́ Ọjọ́rú tó tún bẹ̀rẹ̀,
Ọlápéjú ti ilé ìwé dé, bàtà rẹ̀ ń sunkún lórí kápẹ́ẹ̀tì,
ó ní Ọ̀gbẹ́ni Pritchard ní kí oníkálukú lọ wọn ìki ohun kan nílé.

Ìki kẹ̀? Mo ń wọ aṣọ iṣẹ́ alẹ́ lọ́wọ́,
apá kan wà nínú, ìkejì wà níta.
"Màámi, kì í ṣe bí nǹkan ṣe wúwo tó,
kì í ṣe bí ó ṣe tóbi tó;
bí ó ṣe wúwo tó nínú ìwọ̀n àyè tó gbà ni.
Àpò òwú lè ga jù mí lọ kó má wúwo tó bíríkì."
Mo ní ó yé mi. Kò yé mi.

Àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ á mú kọ́kọ́rọ́, wọ́n á mú ṣíbí.
Tèmi wo ilẹ̀, ó rí ọmọ ọlọ ìyá mi
níbi tí mo ti fi í dá ilẹ̀kùn dúró.

Òkúta yìí! Ní pápákọ̀ òfurufú,
ọmọbìnrin ìdí òṣùwọ̀n wò mí bí ẹni tó gbé òkú pamọ́.
Kílò méjì ló fi lé. Mo yọ gàrí, mo yọ ìró méjì,
mo jẹ́ kí òkúta jókòó síbi tó wà.

A gbé e lé òṣùwọ̀n ìyẹ̀fun: ẹgbẹ̀jọ gíráàmù ó lé ogún.
A bu omi sí jọ́ọ̀gì, ó dé ẹgbẹ̀rún mìlílítà gééré.
Ọmọ mi ju òkúta sí i, gbàmù!
Omi ta sí ògiri, ó ta sí aṣọ iṣẹ́ mi.
Ó ṣírò, ó ní mẹ́rin ó lé díẹ̀.
"Kò tó irin, ó sì ju òkúta lọ.
Kí ni màmá àgbà fi ń lọ ata gan-an?"
"Omi tó ta dànù ńkọ́? Ṣé o kà á mọ́ ọn?"
Mo ti sọ ọ́ kí n tó mọ̀ pé ó ti yé mi.

A fi òwú ìránṣọ so ó lọ́rùn,
a rọra sọ ọ́ kalẹ̀ bí ẹni ń tẹ́ ọmọ tuntun.
Omi gòkè, ẹgbẹ̀rún di ẹgbẹ̀jọ;
ẹgbẹ̀ta ni àyè òkúta.
Fi àyè pín ìwúwo: méjì àti ìdá méje nínú mẹ́wàá.
"Òkúta ni lóòótọ́," bí ẹni pé mo ti ń purọ́ fún un tẹ́lẹ̀.

"Bí mo bá fọ́ ọ sí méjì ńkọ́?"
"Méjì àti ìdá méje náà ni."
"Bó bá ku ẹyọ bí èékánná?"
"Òun náà ni, Màámi."
Mo rántí ìyá mi lójú fóònù lọ́dún tó lọ,
ó ti rù di okùn lórí ibùsùn,
ó sì ń pàṣẹ síbẹ̀ pé kí n má gbàgbé oògùn ikọ́ ọmọ.
N kò sọ ìyẹn fún un.

Ó ti bọ́ sórí ọ̀rọ̀ yìnyín báyìí:
ọ̀pọ̀ nǹkan, bó bá dì, a máa ki sí i,
omi nìkan ya olóríkunkun, ó dì tán, ó fúyẹ́;
ìdí nìyẹn tí pẹ́pẹ́yẹ fi ń rìn lórí adágún Brynmill lọ́jọ́ òtútù
tí ẹja ṣì ń lúwẹ̀ẹ́ lábẹ́ wọn.
Ọdún mọ́kànlá ni mo fi ń gba ibẹ̀ lọ sí ọsibítù,
mo rò pé àánú Ọlọ́run ni.
Ó lè jẹ́ òun náà ni.

Bọ́ọ̀sì mi ti fẹ́ dé. Mo gbé jọ́ọ̀gì kí n da omi rẹ̀ nù,
Ọlápéjú tẹ imú bọ̀ ọ́: "Ó ń rùn bí ata."
Ó pupa lóòótọ́, bíńtín báyìí,
ata ilé wa tó sá pamọ́ sí ojú ihò òkúta látọjọ́ yìí wá.

Ilẹ̀ ti mọ́ kí n tó padà dé.
Jọ́ọ̀gì ṣì wà lórí tábìlì, omi ṣì wà nínú rẹ̀,
ó ti lẹ bébà kékeré mọ́ ọn:
Ẹ má dà á nù o. Mo ṣì ń ṣírò.