Ojú Alákàn

Ní Vardø, oòrùn ti wọ̀ láti ìparí oṣù kọkànlá,
a ò ní rí i títí ọdún tuntun yóò fi dàgbà díẹ̀.
Abẹ́ iná la wà, èmi àti Solfrid,
bàtà rọ́bà, ìbọ̀wọ́ aláwọ̀ búlúù,
à ń fi ọ̀bẹ já ẹsẹ̀ alákàn tó gùn bí apá ọmọdé.
Ọdún mọ́kàndínlógún lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wa.
Mo mọ bó ṣe ń mí.

Lọ́sẹ̀ yẹn, ó ní àgbọ̀n ń dun òun,
pé eyín ni.
Ó ní ẹ̀yìn ń ro òun láàárín èjìká méjèèjì,
pé bẹ́ẹ̀dì ni.
Òógùn bò ó nínú yàrá tí omi ti ń di yìnyín,
ó ní nǹkan oṣù ló ń dágbére,
ṣebí èmi náà ti la ibẹ̀ kọjá.
Àtẹ̀gùn mẹ́jọ péré ló lọ sí yàrá oúnjẹ;
ó jókòó sórí ìkarùn-ún,
ó ń ṣe bí ẹni tó ń so okùn bàtà.
Bàtà rọ́bà kò ní okùn.
Mo ní, “Kí ló ṣe ọ́?”
Ó ní, “Kò sí nǹkan.”

Orúkọ tí ìyá rẹ̀ náà pè é nìyẹn.
Borghild, tó ń po ìyẹ̀fun lọ́wọ́
nígbà tó rọra fẹ̀yìn ti ògiri.
A bá ìyẹ̀fun lórí tábìlì, ó ti wú,
ọwọ́ tí yóò tì í sínú ààrò ni kò sí mọ́.
Dókítà ti sọ lóṣù tó ṣáájú pé àárẹ̀ ni,
ó fún un ní oògùn oorun.

Nígbà tó ṣe Oddvar tó ń kó páálí,
ó fọwọ́ di àyà, ó ṣubú gbì,
gbogbo ilé iṣẹ́ sáré. Èyí la mọ̀.
Èyí la ti rí nínú fíìmù.
Ta ló ya fíìmù obìnrin tí èébì ń gbé,
tó kọ́kọ́ lọ fọ ife tó fi mu kọfí?

Solfrid fi ọkàn sí ọkọ, ó fi ọkàn sí ọmọ mẹ́ta,
sí ìwé owó ṣọ́ọ̀ṣì, sí ológbò aládùúgbò.
Gbogbo wa la fọkàn tán an.
Ọkàn fúnra rẹ̀ ńkọ́,
ta ló fi ọkàn sí i?

Mo wo alákàn tó wà lọ́wọ́ mi,
ojú rẹ̀ méjèèjì ṣì yọ sí mi.
Ojú lalákàn fi ń ṣọ́rí.
Kí ni obìnrin fi ń ṣọ́ àyà?

Mo bọ́ ìbọ̀wọ́. Mo tẹ nọ́ńbà mẹ́ta.
Ó bínú sí mi dáadáa:
ṣé wọn á gbé ọkọ̀ pàjáwìrì wá nítorí eyín?
Mo ní kí wọ́n gbé e wá nítorí eyín.
Bó bá jẹ́ eyín, èmi ni n ó san owó eyín.

Wọ́n fò ó lọ sí Tromsø nínú òkùnkùn ọ̀sán.
Wọ́n ki okùn tẹ́ẹ́rẹ́ gba ọrùn-ọwọ́ rẹ̀
títí dé ibi tí iṣan ti fẹ́rẹ̀ dí pa.
N kò san owó eyín kankan.

Ó ti padà báyìí. Sìgá ti kúrò nínú àpò rẹ̀,
àpò náà ṣì ń rùn ún.
Ó ń fẹsẹ̀ rìn dé etí òkun láràárọ̀, ó ń ṣépè fún atẹ́gùn.
Ẹ̀rọ ìwọ̀n ẹ̀jẹ̀ ríru wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìkòkò kọfí,
àwa obìnrin ń ká apá aṣọ sókè níwájú rẹ̀,
à ń pariwo iye tó sọ bí ẹni ń ta tíkẹ́ẹ̀tì.

Lánàá, Ylva, ọmọ tuntun orí ìlà,
fọwọ́ pa ẹ̀yìn ọrùn, ojú rẹ̀ funfun.
Ó ní kò sí nǹkan.

Solfrid gbé ọ̀bẹ sílẹ̀.
Ó ní, “Kò-sí-nǹkan yẹn,
fọwọ́ hàn mí. Níbo ló wà?”