Kí N Tó Gun Òrùlé

Wọ́n ní ilé là á wò ká tó sọmọ lórúkọ.
Lọ́dún tó kọjá, ní Ayétòrò,
òrùlé ni mo wò, n kò wo ilé.
Mo to páńẹ́lì mẹ́fà, mo so fáànù ńlá mọ́ àjà pálọ̀,
mo gbowó mi, mo gbé àkàbà mi kọ́ èjìká.
Ìgbà tí mo padà débẹ̀ lóṣù Ẹrẹ́nà,
àga pálọ̀ ṣì wà nínú ọ̀rá tí wọ́n fi rà á,
fáànù ń fẹ́ atẹ́gùn sí àwòrán olóògbé lára ògiri,
gbogbo ará ilé sì wà lábẹ́ igi àgbálùmọ̀,
wọ́n ń fi páálí fẹ́ ara wọn.

Nítorí náà, ní ilé yìí, létí ọ̀sà Ẹ̀pẹ́,
mo gbé àkàbà ti ògiri, n kò gùn ún.
Mo jókòó lórí àpótí, mo yọ bírò.
Mo ní, "Níbo lẹ máa ń wà tí oòrùn bá kan àtàrí?"
Wọ́n wò mí bí ẹni tó ṣi ilé yà.

Ìyá Kúbúrátù ló kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín.
"Èmi ò mọ oòrùn ọ̀sán, iná òru ni mo mọ̀.
Aago mẹ́ta ni mò ń to ẹja sórí ààrò.
Fèrèsé tó kọjú sí ọ̀sà rèé,
wọ́n fi búlọ́ọ̀kù dí i lọ́dún tí olè gbé rédíò."
Rédíò lọ, olè lọ,
atẹ́gùn náà ò dé mọ́.

Nọ́ọ̀sì Ẹ̀kúndayọ̀, ayálégbé ni,
ọ̀sán ni òru tirẹ̀.
Páànù yàrá rẹ̀ á gbóná títí á máa dún kẹ́kẹ́,
á rẹ ìró sínú omi, á fún un, á fi bora.
Ó sọ ọ́ bí ẹni ń ka oògùn fún aláìsàn,
kò fi ráhùn.

Mùdáṣírù ò sọ nǹkan kan.
Ó nàka sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, lẹ́bàá àgbá omi,
ibi tí ìmọ́lẹ̀ jẹnẹrétọ̀ aládùúgbò ti ń yọjú wọlé
bí àlejò tí kò ní jókòó.
Ibẹ̀ ló ti ń kàwé.

Bàbá Ọnàbáńjọ ni kò gbà.
Mo ní a ó tẹ́ fóòmù sábẹ́ páànù, a ó kan àjà lé e.
Ó ní, "Ṣé n ó ṣì máa gbọ́ òjò?"
"Òjò kẹ̀, bàbá?"
Ó ní ogójì ọdún lòun fi kan ọkọ̀ ojú omi.
Bí òjò bá ti ń lu páànù, òun mọ̀
bóyá kí wọ́n ju àwọ̀n tàbí kí wọ́n má jù ú.
Ojú òun ti lọ. Páànù ló kù tó ń bá òun sọ̀rọ̀.
Wọn ò kọ ìyẹn sínú ìwé tí wọ́n fi kọ́ wa níṣẹ́.

Àkọ́bí wọn tó ń sanwó pè láti Àbújá:
"Mẹ́rin ni. Iwájú ilé ni kí o tò wọ́n sí, káyé rí i."
Mo ní ẹ̀yìnkùlé loòrùn ń gbà kọjá.
Nẹ́tíwọọ̀kì já. Tàbí òun ló já a.

Mo sùn síbẹ̀ lálẹ́ ọjọ́ náà, lórí ẹní, ní ọ̀dẹ̀dẹ̀.
Aago mẹ́ta lù, mo gbọ́ ikọ́,
kì í ṣe ikọ́ òtútù.
Mo tan tọ́ọ̀ṣì, mo fagi lé iṣẹ́ àná.
Páńẹ́lì méjì. Owó méjì tó kù,
ẹ fi lu ihò èéfín sí ibi ìyanja,
ẹ fi ṣí fèrèsé ọ̀sà, ẹ fi irin àti nẹ́ẹ̀tì sí i;
ọ̀dà funfun lórí páànù nọ́ọ̀sì, fáànù kékeré níbi orí rẹ̀;
gílóòbù kan lókè àgbá omi.
Yàrá bàbá, ẹ má kan àjà sí i.

Fírísà ẹja ni n kò rójú rẹ̀.
Ó ń jẹ iná ju gbogbo ilé lọ,
òun náà ló sì ń bọ́ ilé.
Mo kọ ọ́, mo pa á rẹ́, mo tún kọ ọ́.

Ilẹ̀ mọ́. Adìẹ ti bà lé àkàbà mi.
Ìyá Kúbúrátù gbé ẹja gbígbóná kan wá sórí ewé,
ó ní, "Ṣé o ti wá mọlé báyìí?"
Mo ní ó ku fírísà.