A Ó Pè Yín

Oṣù kẹjọ mi rè é lẹ́yìn tábìlì yìí,
l'Ájàṣẹ́, lókè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì Mẹ́tírì Ọlọ́ṣundé,
níbi tí fáànù ti ń yí bí ẹni tí kò fẹ́ ṣiṣẹ́,
tí fèrèsé sì kọjú sí ọ̀sà.
Iṣẹ́ mi ni kí n wá ènìyàn.
Kì í ṣe ẹni tó sọnù o:
ẹni tí yóò wọ aṣọ dúdú nílé ẹjọ́,
tí yóò ru fáìlì tẹ̀lé ọ̀gá,
tí yóò mọ ìgbà tí à ń sọ̀rọ̀
àti ìgbà tí à ń gbé omi wá.

"Ènìyàn méjì ni mo fẹ́," Mẹ́tírì wí.
Ìwé mẹ́tàlélọ́gọ́ta ló dé.
Òmíràn ń run lọ́fíńdà,
òmíràn, òjò ti fọ yíǹkì rẹ̀ di omi aró,
òmíràn, ìyá ẹni tó kọ ọ́ ló gbé e wá,
ó jókòó, ó bọ́ bàtà,
ó ní òun yóò dúró gba èsì.

Èmi náà kọ́ òfin. Ẹ jẹ́ n sọ ọ́ kó tán.
Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo ṣe ìdánwò agbẹjọ́rò ní Kútọnu,
ẹ̀ẹ̀mejì ni mo ka orúkọ ara ògiri
láti òkè dé ilẹ̀, láti ilẹ̀ dé òkè,
bí ẹni ń ṣa òkúta nínú ìrẹsì.
Ẹni tí kò rí ilé wọ̀
ni wọ́n wá fi kọ́kọ́rọ́ lé lọ́wọ́.

Ọ̀rọ̀ tí iṣẹ́ yìí kọ́kọ́ kọ́ mi ni "A ó pè yín."
Mo fi ẹ̀rín wí i fún ọmọ Wàndó,
mo rọra wí i fún ọmọ Àtakẹ̀.
Oṣù pé, ìpè ò pè;
ó kàn ń pẹ́ ni.
Lálẹ́ ọjọ́ kan fóònù mi dún, mo ń rẹ gàrí:
"Àǹtí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ ní ẹ ó pè mí.
Mo ní kí n wò ó, bóyá nọ́ńbà mi ni kò dáa."
Gàrí náà wú kọjá etí abọ́.
Mi ò lè jẹ ẹ́ mọ́.

Lọ́jọ́bọ̀, Fẹ́líkìsì Adékàmbí wá láti Ìlárá,
ó gba Kétu, ó gba Pobẹ̀, ó gba Sákétẹ́,
eruku pupa ṣì wà nínú okùn bàtà rẹ̀.
Bàtà náà tóbi; ẹlòmíràn ló ni ín.
Mo bi í ní ọ̀rọ̀ òfin, ó dáhùn bí ẹni ń bó ẹ̀pà.
Mo wá fi ìka kan àyè òfìfo inú ìwé rẹ̀:
"Ọdún méjì yìí ńkọ́?"
Ó wo ọwọ́ ara rẹ̀.
"Mo ń kàwé nílé," ó ní.
Àmọ́ atẹ́gùn ọ̀sà já wọlé,
ó gbé òórùn kan dìde lábẹ́ èékánná rẹ̀,
òórùn tí ọṣẹ kì í borí:
bẹntiróòlù. Epo inú ìgò.
Òórùn ìyá mi nìyẹn.
Ìyẹn ni gèlè rẹ̀, ìyẹn ni ẹ̀yìn tó fi pọ̀n mí
létí ọ̀nà Wàndó, ogún ìgò lórí pákó.
Mo fẹ́ wí fún un pé, "Mo mọ̀."
Ẹnu mi ní, "A ó pè yín."

Mẹ́tírì gba ìwé náà, kò ṣí i.
"Ọmọ ta ni?"
Mo ní, "Ọmọ Ìlárá."
"Mo ní, ọmọ ta ni?"
Fáànù yí, ó tún yí.
Mo ní, "Ẹni tó ta epo fún ọdún méjì,
tó ń ka òfin láàárín oníbàárà kan sí èkejì."
Èyí kò sí nínú ìwé rẹ̀.
Èmi ni mo fi báírò kọ ọ́ síbẹ̀.
Mẹ́tírì ju ìwé náà sápá òsì.
Apá òsì ni ti "bóyá".

Agogo mẹ́fà ti kọjá. Ọ̀sà ti dúdú.
Mo tẹ nọ́ńbà rẹ̀. N kò ní ìròyìn kankan fún un;
mo kàn ní kí ìpè kan pè, kó tó pẹ́ jù.
Ó gbé e. "Àǹtí, ẹ dákun, ẹ dúró díẹ̀."
Mo dúró.
Lẹ́yìn ohùn rẹ̀, alùpùpù kan ń kùn,
mo sì gbọ́ tí ìgò kan kan ìgò.