Aṣọ Aró Lẹ́yìn Òdòdó Ọ̀gẹ̀dẹ̀

Ọjọ́ kẹfà rèé tí mo ti ń lúgọ
lẹ́yìnkùlé Ìyá Kúburá, ní Ayétòrò, ní Ẹ̀pẹ́,
èmi tí mo máa ń ya fótò pásípọ́ọ̀tù,
tí mo máa ń ní, "Gbé àgbọ̀n sókè díẹ̀, má rẹ́rìn-ín."
Ẹyẹ kì í gbọ́ irú àṣẹ bẹ́ẹ̀.

Kò ju àtàǹpàkò mi lọ.
Amuyin-má-sanwó ni Ìyá Kúburá ń pè é,
torí ó ń fa oyin òdòdó ọ̀gẹ̀dẹ̀ rẹ̀ láràárọ̀
kò sì fún un ní kọ́bọ̀ rí.
Bó bá yí ọrùn báyìí, àwọ̀ ewé;
bó bá yí i báyìí, àwọ̀ tó yá lọ́wọ́ àlùkò.
Kí n tó ṣẹ́jú, ó ti lọ.

Fótò àkọ́kọ́: dúdú.
Bí ohun tí wọ́n gé lára èédú ni ẹyẹ náà rí,
ojú ọ̀run orí ọ̀sà ti gba gbogbo ìmọ́lẹ̀ mọ́ ọn lọ́wọ́.
Mo la ojú kámẹ́rà sí i.
Ẹyẹ yọ lóòótọ́, ṣùgbọ́n ọ̀run funfun bí ògì tó dànù,
páànù ilé kejì ń ta sí mi lójú,
kẹ́ẹ̀gì pupa kan sì hù lórí ẹyẹ bíi gèlè.
Mo ń bu ìmọ́lẹ̀ bí àpọ́n ṣe ń bu iyọ̀ sọ́bẹ̀:
ẹ̀kínní, ó tẹ́; ẹ̀kejì, kò ṣeé jẹ.

Apá rẹ̀ ńkọ́? Èéfín ni.
Mo gé ìṣẹ́jú àáyá kan sí ọ̀nà ẹgbẹ̀wá,
mo ń wá ẹyọ kan ṣoṣo tí apá yẹn yóò dúró sí.

Ìyá Kúburá nu ọwọ́, ó wá wo ojú kámẹ́rà,
ìpẹ́ ẹja ṣì ń dán ní ọrùn ọwọ́ rẹ̀.
Ó wò ó títí.
"Ẹyẹ nìkan lò ń wò. O ò wo ohun tó wà lẹ́yìn rẹ̀."
Ó wọlé. Mo gbọ́ tí àpótí ké.

Aṣọ aró ló gbé jáde, òórùn káńfọ̀ ṣáájú rẹ̀.
Mo mọ aṣọ náà. Gbogbo àdúgbò ló mọ̀ ọ́n:
oṣù mẹ́rin àti ọjọ́ mẹ́wàá ló fi wà lára rẹ̀
lọ́dún tí ọ̀sà dá ọkọ̀ Ṣéfíù padà
tí kò dá Ṣéfíù padà.
Mo ní, "Ìyá, ẹ má..."
Ó ti ta á sórí okùn, bí apá mẹ́ta sẹ́yìn ọ̀gẹ̀dẹ̀,
ó ń fi àtẹ́lẹwọ́ tẹ́ ìlà ibi tó ká sí.
"Kì í dá ìmọ́lẹ̀ padà," ló wí.
"Nínú gbogbo aṣọ tí mo ní, òun ló dákẹ́ jù."

A dúró. Oòrùn ṣì kéré, ó ń ti ẹ̀gbẹ́ ọ̀sà bọ̀.
Nígbà tó dé, ọrùn rẹ̀ ni mo fi wọn ìmọ́lẹ̀,
n kò tún bi ojú ọ̀run léèrè.
Ká.

Nínú fótò, aṣọ kì í ṣe aṣọ mọ́.
Kò sí okùn, kò sí ìlà, kò sí páànù.
Omi ni, bó ṣe máa ń rí kí wọ́n tó pe ìrun àsùbáà,
ẹyẹ náà sì dá dúró nínú rẹ̀ bí ẹyin iná,
ìyẹ́ apá rẹ̀ ṣeé kà, mo kà á: mẹ́sàn-án.

Ìyá Kúburá kò kà á.
Ó fi ìka kan ibi tó ṣókùnkùn, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹyẹ,
ibi tí kò sí nǹkan kan.
"Tẹ èyí fún mi. Kó tóbi."
Ó padà sídìí ẹja rẹ̀.

N kò lè sọ fún un pé kó ká aṣọ náà wọlé.
Ó wà lórí okùn di ọ̀sán, afẹ́fẹ́ ń kún inú rẹ̀,
amuyin sì ń lọ, ó ń bọ̀, kò sanwó.