Òwú Pupa

Yìnyín bo Saaremaa, eku wọlé wá yáná.
Mo gé ọ̀rá ẹlẹ́dẹ̀ tó ìka ọmọdé,
mo fi kọ́ ẹnu pàkúté lẹ́yìn ààrò.
Òru gànjọ́: pà!
Mo rẹ́rìn-ín lórí ibùsùn. Ó ku ìyókù.

Ilẹ̀ mọ́, mo sún àpótí,
mo bá ìtẹ́ wọn.
Òwú pupa ni, wọ́n ti já a sí wẹ́wẹ́,
òwú ìbọ̀sẹ̀ tí mo ní Leida jí
lójú gbogbo ìjọ, nínú oṣù Kẹwàá.

Eku ti kú, kò lè rojọ́.
Èmi ni pàkúté mú.

Mo ki ẹsẹ̀ bọ bàtà ọkọ mi olóògbé,
mo mú búrẹ́dì kan dání.
Yìnyín mù mí dé orúnkún.
Mo ń wo èéfín ilé Leida lọ́ọ̀ọ́kán,
ẹnu mi ò tíì mọ ohun tí yóò sọ.